Ilẹ̀kùn Ìkẹyìn Ilé Ọba Òkú

"Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi," ni Àpọ́nlé wí. "Ẹ̀yin tí ẹ kò rà, tí ẹ kò tà, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé."

Kò sí ẹni tó mira. Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ ti kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù géèmù rẹ̀ ní Ojú Ore, àpò ìwé lẹ́yìn, bàtà wọn ti kún fún eruku. Tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri ni gbogbo wọn ń wò. Nínú rẹ̀, ọdẹ kan gbé fìtílà lọ́wọ́ kan, ó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ kejì, ó ń wọ inú ààfin kan tó ṣókùnkùn. Àbẹ́là ń jó lára ògiri. Àwọn pósí tò sórí ìlà. Nígbà tí ọdẹ náà yí ojú padà, gbogbo ààfin náà yí pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ọmọ sì mí kanlẹ̀.

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì géèmù yìí gùn, ó sì le lẹ́nu. Ilé Ọba Òkú ni àwọn ọmọ Ọ̀tà ń pè é, nítorí pé ọba tó ni ààfin náà ti kú, ó kàn kọ̀ láti dùbúlẹ̀ ni. Inú pósí ló ń sùn, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu. Mẹ́rin ni wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀ látẹ̀yìnwá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì rí pẹlẹbẹ bí àwòrán ara ìwé. Ọdẹ á ti apá òsì rìn lọ sí apá ọ̀tún, á fò, á gún nǹkan, á sọ̀kalẹ̀. Karùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí, tírí-dì ni. Ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, ó ní kọ̀rọ̀. Bí ẹni tó wọ ilé onílé gan-an ló rí.

"Basit, ìwọ ńkọ́?" Jùwọ́n, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló bi í, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. "Ṣé ti pẹlẹbẹ yẹn náà ló ṣì wà nílé yín? Ọdẹ tiyín kò tíì mọ̀ pé òun ní ẹ̀yìn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ti bọ̀ọ̀dá mi ni," ni Basit fèsì.

Ẹ̀rín náà rọlẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé Láńre, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu Jùwọ́n. "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ ẹ̀rọ yẹn kò kú. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń lò ó."

Àpọ́nlé gbọ́. Ó bi Basit irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Basit sọ fún un. Ọkùnrin náà fi ìka họ àgbọ̀n.

"Ẹnì kan ń wá irú rẹ̀ lójú méjèèjì. Bó bá mọ́, gbé e wá pẹ̀lú àwọn àwo rẹ̀ àti káàdì rẹ̀, a ó ṣe pààrọ̀. Màá fún ọ ní èyí tó lè gbé tírí-dì. Àlòkù ni o, n kò tan ẹnikẹ́ni jẹ."

 Láti Ojú Ore dé ilé, Basit kò gbọ́ ohun kan tí Jùwọ́n ń sọ mọ́.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni Láńre ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Ṣàngó. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló máa ń tan géèmù náà, lẹ́yìn ìrun Alaásárì. Bàbá wọn, Fàlílù, á gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn ọmọ náà, á káwọ́ gbera. Fàlílù kò fọwọ́ kan páàdì, ohun tí wọ́n fi ń darí ọdẹ náà, rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa bínú.

"Kí ló ṣe ọ́ tí o kò rí àdán yẹn? Àdán tó tó ewúrẹ́."

"Mo rí i, Bàbá."

"O rí i, o sì jẹ́ kó bù ọ́ jẹ. Fò. Mo ní kí o fò. Ọmọ yìí fẹ́ pa mí."

Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn fà á nìyẹn, títí wọ́n fi dé ilẹ̀kùn ìkẹyìn nínú ìkẹrin, èyí tí Ọba Òkú fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́jọ́ náà. Láńre ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró níbí. Ọjọ́ ìsinmi mi tó ń bọ̀ la ó ṣí i." Ó fi ibi tí wọ́n dé pamọ́ sínú káàdì ẹ̀rọ náà, orúkọ rẹ̀ sì hàn lójú tẹlifíṣọ̀n: LANRE.

Àìsàn mú un kí ọjọ́ ìsinmi náà tó dé. Kò sí ilé ìwòsàn tí wọn kò gbé e dé. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ Jímọ̀.

Nígbà tí àwọn tó wá kí wọn lọ tán, Fàlílù rí ẹ̀rọ náà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó wò ó. "Ẹ fi nǹkan bo kiní yẹn," ló wí. "N kò fẹ́ máa rí i." Àdìzát, ìyàwó rẹ̀, fi ìborùn rẹ̀ kan bò ó, ó sì wà bẹ́ẹ̀.

Ní ilé wọn, ohun òkú kì í kọjá ẹnu ọ̀nà kí ẹbí tó ṣe àdúà ogójì ọjọ́, kí wọ́n sì jókòó pín in. Gbogbo ọmọ ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ Láńre kan wá tọrọ àkàbà rẹ̀, pé kí wọ́n yá òun. Fàlílù kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Àkàbà náà kò tíì di ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni ín ti lọ, ẹni tí yóò ni ín kò tíì gbà á. Títí a ó fi jókòó, kò sí ohun tó ń jáde níbí. Ì báà ṣe abẹ́rẹ́."

Basit wà níbẹ̀, ó sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fẹ́ ṣe nǹkan kì í ṣe aláìní àwíjàre. Basit sọ fún ara rẹ̀ pé ogún ni wọ́n ń sọ, géèmù kì í ṣe ogún. Agbádá ni àwọn àgbà yóò pín, ọ̀kadà, aago ọwọ́, àti àpótí irinṣẹ́ Láńre, èyí tí gbogbo ilé mọ̀ pé òun Basit ni yóò jogún rẹ̀, nítorí òun náà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ iná. Àgbàlagbà wo ni yóò la ẹnu dárúkọ géèmù níwájú ẹbí? Yàtọ̀ sí èyí, bàbá kò fẹ́ rí i. Ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kó béèrè. Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà.

"Màámi, kiní abẹ́ ìborùn yẹn, ta ni yóò ni ín?"

Àdìzát kò gbójú sókè. "Bàbá rẹ ń bẹ ní ìta. Lọ bi í."

Basit wo bàbá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kò ṣe nǹkan kan. Basit kò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí bàbá lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà, ó ká ìborùn náà kúrò. Ó kó ẹ̀rọ, káàdì àti àwọn àwo sínú àpò ìwé rẹ̀. Ó wá gbé páálí bàtà kan tó ṣe déédéé ẹ̀rọ náà sí ipò rẹ̀, ó sì fi ìborùn bò ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Kò sí ẹni tó lè mọ ìyàtọ̀.

Àpọ́nlé ní àṣà kan. Kò gba káàdì kankan sílẹ̀ láì nu inú rẹ̀, ojú oníbàárà ló sì ti máa ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà padà wá sọ pé òun gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Ó fi káàdì náà sínú ẹ̀rọ, orúkọ kan ṣoṣo jáde: LANRE.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo fẹ́ nù ún. Tí mo bá nù ún, kò sí bí a ṣe lè dá a padà. Ṣé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú níbẹ̀?"

Ojú Basit wà lára ẹ̀rọ tuntun tó wà lórí tábìlì. "Kò sí," ló wí.

Àpọ́nlé tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àṣà rẹ̀. Basit tún ní kò sí. Àpọ́nlé sì tẹ bọ́tìnnì.

Ilé Jùwọ́n ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun náà lọ, Basit kò lè gbé e wọ ilé tirẹ̀. Wọ́n ti gbà pé àwọn yóò ti pa Ọba Òkú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọn kò jáde kúrò ní yàrá àkọ́kọ́.

Nínú ti àtijọ́, ojú tó ń wo ọdẹ dúró sójú kan. Nínú tírí-dì yìí, igi kékeré méjì ló wà lára páàdì. Ọ̀kan ń rìn, èkejì ń yí ojú. Basit á fi ọ̀kan lọ síwájú, èkejì á gbé ojú rẹ̀ lọ sí àjà.

"Ògiri lò ń wò," ni Jùwọ́n wí.

"Mo mọ̀."

"O tún ń wò ó."

"Mo ní mo mọ̀."

"Nígbà tí o mọ̀, kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti ń jẹ ọ́ lẹ́yìn."

Òótọ́ ni. Ajá Ọba Òkú ti gba ẹ̀yìn wọlé, Basit kò rí i títí ọdẹ fi ṣubú. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó sá fún ajá, ó já sínú kànga. Ó yẹra fún kànga, ó tún kọjú sí ògiri. Jùwọ́n gba páàdì pé kó jẹ́ kí òun fi hàn án. Kò pẹ́ tí òun náà fi kú.

Màmá Jùwọ́n yọjú láti yàrá, Bíbélì lọ́wọ́. "Ta ló ń kú nínú ilé mi láti àárọ̀?"

"Basit ni, mà."

"Ó tún ti kú?"

"Ó ti kú, mà."

"Ẹ dín ohùn ikú yẹn kù. Mò ń gbàdúrà." Ó wo tẹlifíṣọ̀n náà díẹ̀, bí ààfin náà ṣe ń yí bírí, ó sì di ògiri mú. "Òòyì ń kọ́ mi. Owó wo lẹ fún wọn tí wọ́n fi ń fi yín ṣe irú eléyìí?"

Nígbà tó lọ tán, àdán kan fò wọlé láti kọ̀rọ̀, Basit kò rí i. Ó dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé òun ń dúró. Ohùn bàbá rẹ̀ tí kò gbọ́ ló jẹ́ kó mọ̀: Kí ló ṣe ọ́ tí o kò rí àdán yẹn? Ó gbé páàdì sílẹ̀.

"O fẹ́ máa lọ?" ni Jùwọ́n bi í.

"Géèmù yìí sú mi."

Ọjọ́ àdúà ogójì ọjọ́ pé. Àwọn ààfáà ṣe tiwọn, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Ẹbí jókòó sínú pálọ̀. Waliyullah, ẹ̀gbọ́n Fàlílù tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ìjókò nítorí Ìjókò ló ń gbé, ló ṣe alága. Wọ́n pín aṣọ. Wọ́n fún àbúrò ìyá ní aago. Nígbà tí wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ dé àárín ilé, Bàbá Ìjókò wo Basit, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ẹni tí yóò ni ín kò jìnnà.

"Fàlílù," ló wí, "ìwọ lo bí i. O kò tíì mú nǹkan kan."

"N kò fẹ́ aṣọ," ni Fàlílù dáhùn. "Ẹ ta ọ̀kadà, kí ẹ fi ṣe sàárà fún un. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́." Ó nawọ́ sí ìborùn tó wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. "Ìyẹn."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Géèmù rẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín níbi ọ̀fọ̀. Bàbá Ìjókò ní, "Ìwọ àti géèmù? Pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?"

"N kò ní fọwọ́ kàn án. Basit ni yóò ṣe é, èmi á máa wò. Ilẹ̀kùn kan ló kù fún wa. Láńre ní ká dúró." Fàlílù nu ojú rẹ̀ bí ẹni tí eruku kó sí i lójú. "Mo dúró. N kò lè wò ó títí òní yóò fi pé, ìdí tí mo fi ní kí wọ́n bò ó nìyẹn."

Basit fẹ́ sọ̀rọ̀.  Bàbá rẹ̀ ti dìde, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ká ìborùn náà.

Páálí bàtà.

Fàlílù ṣí páálí náà, ó wo inú rẹ̀, bí ẹni tó rò pé ẹ̀rọ náà lè wà níbẹ̀. Ó tún un dé. Kò wo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe Basit, nítorí Basit ti dọ̀bálẹ̀.

"Níbo ló wà?"

"Mo fi ṣe pààrọ̀, Bàbá. Ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Àpọ́nlé. Mo rò pé ẹ kò fẹ́ ẹ."

"O bi mí?"

"Rárá, sà."

"Mo jókòó sí ìta yìí láti ìgbà tí ọmọ náà ti kú. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo la ní. O ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́. O kò bi mí."

 Àdìzát fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ìjókò wo àpótí irinṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹni tó tà kí a tó pín ti gba ìpín tirẹ̀," ló wí. "Umar, gbé àpótí yẹn. Ìwọ ló ni ín."

Umar ni ọmọ Bàbá Ìjókò. Kò fẹ́ gbé e, ó wo Basit, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti pàṣẹ. Basit gbọ́ bí àwọn irin inú àpótí náà ṣe ń dún lọ títí dé ìta.

Fàlílù wọ bàtà. "Dìde. Lọ gbé ohun tí o gbà, kí a lọ."

Àpọ́nlé rí wọn lókèèrè, ó sì mọ ohun tí wọ́n bá wá. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú, kì í ṣe àṣà mi láti dá pààrọ̀ padà. Bí ẹnì kan bá dá a padà lónìí, gbogbo Ọ̀tà á dé lọ́la."

"Ogún ni," ni Fàlílù wí. "A kò tíì pín in nígbà tó gbé e wá."

Àpọ́nlé tẹjú mọ́ Basit. "Ìwọ ọmọ yìí, o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi." Ó wọlé, ó gbé ẹ̀rọ àtijọ́ náà, tí ẹni tó ń wá a kò tíì wá gbé, jáde, ó gba ti tuntun. Ó kó àwọn àwo lé e. Ó wá di káàdì náà mú lọ́wọ́, kò tètè nà án. "Bàbá, ẹ̀rọ yín nìyí. Ṣùgbọ́n inú káàdì yìí, mo ti nù ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í bóyá ohun kan wà tí ẹ fẹ́ tọ́jú níbẹ̀."

Fàlílù yíjú sí Basit. "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kò sí."

Ọkùnrin náà gba káàdì, ó fi í sápò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àpọ́nlé.  Ẹ̀kan ṣoṣo ló dúró lọ́nà, ó ní, "Ó rẹ̀ mí, Basit. O kò mọ bó ṣe rẹ̀ mí tó." Ó sì tún ń lọ.

Lẹ́yìn ìrun Alaásárì, ó pe Basit sí pálọ̀. Ó ní kó so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Basit tan án. Ààfin pẹlẹbẹ náà yọ, òṣùpá pupa lókè rẹ̀. Níbi tí orúkọ Láńre máa ń wà, àlàfo ló wà, ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀, ó ń béèrè orúkọ ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

 Basit bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́: L, A.

"Pa á rẹ́," ni Fàlílù wí.

"Bàbá, mo fẹ́ dá orúkọ wọn padà síbẹ̀."

"Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ lásán. Iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ṣí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣí i. Bí o bá kọ orúkọ rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, o tún parọ́ mọ́ ọn. Páálí bàtà mìíràn nìyẹn. Kọ tìrẹ."

Basit pa á rẹ́. Ó kọ BASIT. Ọdẹ náà dúró lẹ́nu ààfin, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ níwájú rẹ̀, ilẹ̀kùn ìkẹyìn sì jìnnà ju ibi tí ojú lè rí lọ. Omijé dí i lójú, kò lè rí páàdì dáadáa.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́." Fàlílù gbé àga rẹ̀ wá, ó gbé e sẹ́yìn ọmọ náà, ó jókòó, ó káwọ́ gbera. "Gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní tún un sọ. Ẹni tó bo nǹkan kò sọ pé òun kò fẹ́ ẹ. Ohun tó bá dun ènìyàn jù ló máa ń fi aṣọ bò. O rí mi pé mi ò fọwọ́ kàn án, o sì fi ara rẹ ṣe adájọ́ ohun tó wà nínú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, kò sì ná ọ ní nǹkan kan. Nítorí pé o kò béèrè, o pàdánù àpótí irinṣẹ́, èmi náà sì pàdánù ilẹ̀kùn mi. Ohun tí kì í ṣe tìrẹ nìkan, béèrè kí o tó fọwọ́ kàn án. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé o mọ èsì rẹ̀, béèrè."

"Mo gbọ́, sà."

"Ó dáa. Máa lọ."

Basit tẹ páàdì. Ọdẹ gbé fìtílà, ó wọ ààfin, ó ń ti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Kò pẹ́, nǹkan dúdú kan já bọ́ láti òkè, ó sì bù ú jẹ.

 Lẹ́yìn náà ni ohùn jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, ohùn tí kò tíì jáde nínú ilé yẹn láti ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n sin Láńre.

"Kí ló ṣe ọ́ tí o kò rí àdán yẹn?"